Ìtanràn Tí Kò Ní Rìsíìtì

Ẹ̀yin ará Daagbé ní Ifangni, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti òdìkejì ẹnubodè, ní Ìdí-Ìrókò àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin zẹ́mijàn tí ẹ ń fi alùpùpù kérò, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ ojú pópó ni. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wa dúró lójú ọ̀nà? Ta ló lè tì wá mọ́lé? Èló ni a jẹ ìjọba, ọwọ́ ta ni a sì gbọ́dọ̀ san án sí? Ẹni tó bá ń lọ sí Ìgòlò yóò pàdé ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Ẹni tó bá ń lọ sí Àjàṣẹ́ yóò pàdé wọn. Ẹni tó bá rékọjá sí Ìdí-Ìrókò, aṣọ mìíràn ni yóò bá níbẹ̀, òfin mìíràn, owó mìíràn. Kò sí ilé kan ní Daagbé tí kò ní ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń kàn lójoojúmọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jáde nílé láìmọ ibi tí agbára ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí àti ibi tó parí sí.

Kí n ti sọ ohun tí mo wá sọ kí àkókò má baà lọ: ọlọ́pàá ní ẹ̀tọ́ láti dá ọ dúró, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ láìfún ọ ní ìwé. Ìtanràn tí kò ní rìsíìtì, ìtanràn kọ́. Yálà òun ló béèrè rẹ̀ tàbí ìwọ lo fi lé e lọ́wọ́, orúkọ kan náà ni òfin ń pè é: àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un pé zẹ́mijàn kan gbé ìyá ọlọ́jà kan lẹ́yìn, agbọ̀n tòmátì sì wà láàárín wọn. Wọ́n dé ibi tí ọlọ́pàá dúró sí. Ọlọ́pàá ní kó mú ìwé wá. Kò sí ìwé adójútòfò, bíréèkì ẹ̀yìn kò sì mú. Zẹ́mijàn bọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ òní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.» Ìyá ọlọ́jà náà ń bẹ̀bẹ̀, nítorí oòrùn ń pa tòmátì. Nígbà tó yá, ẹgbẹ̀rún fáránkì kan ti kúrò nínú àpò kan bọ́ sí òmíràn, kẹ̀kẹ́ sì ti lọ. Gbogbo wọn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Bíréèkì yẹn kò tíì mú. Ìwé adójútòfò kò tíì sí. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá gbá ọmọ kan níwájú ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ilé iṣẹ́ adójútòfò tí yóò san owó ìwòsàn ọmọ ọlọ́mọ. Ìjọba kò rí fáránkì kankan nínú ẹgbẹ̀rún náà láti fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Lọ́la, ọlọ́pàá mìíràn yóò dá kẹ̀kẹ́ kan náà dúró nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, nítorí kò sí ìwé tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni ti jẹ ẹ́ níyà rí. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyí. Owó ń jáde lápò tálákà lójoojúmọ́, ewu tí òfin fẹ́ mú kúrò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tí a ń bá pàdé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni ìjọba ilẹ̀ Benin ti da ọlọ́pàá àti àwọn jàǹdáàmù pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí à ń pè ní Police Républicaine. Àwọn àgbà wa rántí ayé àtijọ́, nígbà tí ọlọ́pàá wà ní ìlú ńlá, tí jàǹdáàmù sì wà ní ìgbèríko bíi tiwa. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn Police Républicaine ló ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láti béèrè ìwé, láti wo iná, bíréèkì àti táyà, láti kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gba ọ̀nà oko kọjá, àwọn kan sì máa ń tẹ iná mọ́ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè sá kọjá. Kíkọ̀ láti dúró jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, kódà bí gbogbo ìwé rẹ bá pé. Sísá yẹn sì ti pa àwọn tí kò rú òfin kankan tẹ́lẹ̀. Ìwé ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìwé adójútòfò, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ fún àwọn tó yẹ kí wọ́n ní in: gbèsè tí a jẹ àwọn tí a jọ ń lo ọ̀nà ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá ní wọn kò lè máa pariwo ẹ̀tọ́ kó sì wọ ẹnikẹ́ni létí.

Nínú òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Faransé, oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀ṣẹ̀ pín sí. Àwọn kékeré wà, irú bí kí èèyàn kọjá nígbà tí iná pupa ń tàn, tàbí kó gbé èrò ju iye tó yẹ lọ. Owó ìtanràn tí a ti kọ sílẹ̀ ni ìjìyà wọn. Àwọn tó ju ìyẹn lọ wà, irú bí kí àìkíyèsí awakọ̀ pa èèyàn tàbí sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, tàbí kí awakọ̀ gbá èèyàn kó sì sá lọ. Ìwọ̀nyí ń dé iwájú adájọ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀wọ̀n dání. Ní ẹkùn wa, ilé ẹjọ́ Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi kẹta ni ìwà ọ̀daràn ńláńlá, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ohun tó yẹ kí a mú nínú rẹ̀ ni pé kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lè fi ìbínú tàbí àánú rẹ̀ dá iye owó rẹ̀. Òfin ló dá iye ti àkọ́kọ́. Adájọ́ ló ń dá ti kejì àti ti kẹta. Ọlọ́pàá tó sọ fún ọ pé «mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, tàbí kí ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá» ti kúrò ní ipò ọlọ́pàá, ó ti di oníṣòwò. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni ilẹ̀ yìí ti ní òfin tó dojú kọ ìwà ìbàjẹ́, òfin nọ́ńbà 20 ti ọdún náà ni, ẹni tó gbà àti ẹni tó fún ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí mímú àti àtìmọ́lé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà wá jù. Ìgbà tí wọ́n bá sọ pé «jẹ́ ká lọ sí kọ̀mísáríà», ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọkàn sí i pé àwọn yóò sun ibẹ̀, wọ́n á sì yára tọwọ́ bọ àpò. Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ló lè tì ọ́ mọ́lé. Ẹni tó dúró lójú ọ̀nà lè mú ọ lọ sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí òfin fún ní àṣẹ ìwádìí ẹjọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní OPJ, òun nìkan ló lè pinnu pé kí o wà ní àtìmọ́lé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba mọ̀. Àtìmọ́lé wà fún ìwádìí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú ẹ̀wọ̀n dání. Kò sí fún fífi ìyà jẹ ẹni tí iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kú.

Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé ní ẹ̀tọ́ kí ẹbí rẹ̀ mọ ibi tó wà kí wọ́n sì wá wò ó. Ó ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni òpin. Bí 48 wákàtí bá pé, kí wọ́n tú u sílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Adájọ́ náà nìkan ló lè fi kún un, nínú ọ̀ràn tí òfin dá yà sọ́tọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́jọ láéláé.

Ibo ni èyí ti wá? Ìwé Òfin-Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ni, ìlà kejìdínlógún rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Láti ọdún 1972 ni àwọn ológun ti ń ṣèjọba nílẹ̀ yìí. Wọ́n ń mú olùkọ́, wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń mú òṣìṣẹ́, wọ́n ń kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Ségbana ní àríwá lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé wọ́n fojú kan adájọ́. Ìyá wà tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè. Nígbà tí owó ìjọba gbẹ, tí wọn kò rí owó oṣù san, ìgboro gbóná, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè sì wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990. Monsinyọ̀ Isidore de Souza ló ṣe alága. Láti inú àpérò yẹn ni òfin tuntun ti jáde, lóṣù kejìlá ọdún kan náà sì ni àwọn ará ìlú dìbò gbà á. Àwọn tó kọ wákàtí méjìdínláàádọ́ta yẹn sínú rẹ̀ mọ àwọn tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, láìrí adájọ́. Owó ńlá la fi ra wákàtí yẹn. Kò yẹ kí a jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó kékeré gbà á lọ́wọ́ wa ní kọ̀mísáríà.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì rò pé ó burú ju bí a ṣe ń rò ó lọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìyá tó ń sọ Nàgó, bàbá tó ń sọ Gùn tàbí Tọ̀rí, wọn kò lè ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n á ní kí ó tẹ ìka sí i. Ó tẹ ìka, kò mọ̀ pé òun ti gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ má tẹ ìka sí ohun tí a kò kà fún yín lédè tí ẹ gbọ́. Ilẹ̀ Benin ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti ọdún 1992, àdéhùn náà sì sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà lédè tó yé e. Bí ọlọ́pàá tó kọ ọ́ kò bá gbọ́ Nàgó, kó wá ẹni tó gbọ́. Kò ṣòro ní Ifangni láti rí ẹni tó gbọ́ Faransé àti Nàgó.

Ẹ jẹ́ ká rékọjá ẹnubodè wàyí, nítorí púpọ̀ nínú wa ń sùn níhìn-ín, wọ́n sì ń jẹun lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní ọjọ́ kan náà ọdún 1982, ní Kútọnu níbí, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn káàdì aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tó ń mú kí adójútòfò ọkọ̀ tí o rà nílé bá ọ dé ilẹ̀ kejì bí o bá gbá ẹni níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ rékọjá, kí ó béèrè káàdì yìí lọ́wọ́ ẹni tó ta adójútòfò fún un. Awakọ̀ wà ní agbègbè wa tí wọ́n ti rékọjá títí agara fi dá wọn tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní Nàìjíríà, òfin orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1999, ìlà karùndínlógójì, sọ pé níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà ogójì, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá lè fi dá ọ dúró kó tó gbé ọ dé kóòtù. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì, àyàfi bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Ó tún sọ pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ fún ọ, lédè tí o gbọ́. Òfin ọlọ́pàá wọn ti ọdún 2020 sì kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ, tàbí ìyàwó nítorí ọkọ. Bí ọmọ rẹ bá ṣẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò tó sì sá wálé, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dì ọ́ mú lọ́jà nítorí rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ẹ ń rí lọ́hùn-ún, àwọn FRSC, ọdún 1988 ni ìjọba dá wọn sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì kọ́kọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ wọn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣáájú, nítorí ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń dùn ún. FRSC kì í gba owó lọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n ń kọ fún ọ, báńkì ni o sì ń san án sí. Nínú ìwé wọn, ₦2,000 ni ti bẹ́líìtì tí a kò dì, bẹ́ẹ̀ náà ni ti akoto tí a kò dé. ₦4,000 ni ti fóònù tí a ń pè lórí ìwakọ̀. ₦10,000 ni ti ẹni tí kò ní ìwé ìwakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ra ẹ̀ṣọ́ náà, ₦10,000 mìíràn wà fún un nínú ìwé kan náà. Ẹ̀ṣọ́ tó bá na ọwọ́ sí owó rẹ lójú títì, kò sí ohun tó fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ìjà lórí agbára láti bu ìtanràn kò tíì parí lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2014, agbẹjọ́rò kan gbé FRSC lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, adájọ́ sì sọ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ kò lè dá èèyàn lẹ́bi kí wọ́n sì bù ú lówó ìtanràn, nítorí iṣẹ́ ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2024, adájọ́ mìíràn ní Àbújá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ìlú náà kò ní àṣẹ láti máa dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì máa bu ìtanràn. Ẹjọ́ méjèèjì, ẹnì kan tó lọ béèrè ni wọ́n ti wá. Kò sí rògbòdìyàn níbẹ̀, kò sí táyà tí wọ́n jó. Ìwé ni wọ́n kọ, adájọ́ sì dáhùn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé orí ohun tó le láti sọ níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun nínú rẹ̀: kpayo, epo fàyàwọ́. Gbogbo wa mọ bí epo Nàìjíríà ṣe ń wọlé. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Lóṣù kọkànlá ọdún 2019 kan náà, wọ́n ní kí ọkọ̀ epo má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín ogún kìlómítà sí ẹnubodè. Lóṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Síbẹ̀ kpayo kò parí. Wọ́n ń di kẹ́ẹ̀gì yí kẹ̀kẹ́ ká títí o kò fi ní rí ẹni tó ń wà á, wọ́n á sì sáré kọjá láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Mi ò ní bá tálákà jà nítorí ó ń wá oúnjẹ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí, mo mọ̀ pé ilé epo kò tó ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí gbiná ní Sèmè-Kraké, ní ẹnubodè bíi tiwa yìí, èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n sì jóná kú. Ọmọdé wà nínú wọn. Iná tí mo ń sọ yìí kì í béèrè ìwé. Ìdí tí mo fi mú un wọ inú ọ̀rọ̀ wa ni pé kò sí kẹ́ẹ̀gì epo tó lè ti ẹnubodè dé àárín ìlú láìkọjá níwájú ẹni tó ní àṣẹ láti dá a dúró. Gbogbo ìgbà tí owó bá yí ọwọ́ padà kí kẹ́ẹ̀gì lè kọjá, ẹnì kan ti ta ẹ̀mí àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi. Ẹni tó fún un náà jẹ̀bi. Èyí ni mo fi ń sọ pé ẹgbẹ̀rún fáránkì zẹ́mijàn àti owó kpayo, ọ̀kan náà ni wọ́n: méjèèjì ń ra àyè fún ewu kó lè máa rìn láàárín wa.

Akoto ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń so ó mọ́ apá kẹ̀kẹ́, wọ́n á dé e bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá níwájú, wọ́n á sì ṣí i bí wọ́n bá kọjá. Orí ta ni wọ́n ń fi ṣeré? Ìwádìí káàkiri àgbáyé fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní bí ìdá méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní bí ìdá mọ́kàndínláàádọ́rin. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní lọ́dún 2021, èèyàn bíi 1,190,000 ló kú lójú pópó lágbàáyé, ilẹ̀ Áfíríkà ni ìwọ̀n rẹ̀ sì ti ga jù bí a bá fi wé iye èèyàn, bẹ́ẹ̀ a kò ní ọkọ̀ tó ti àwọn yòókù. Ọlọ́pàá tó bá bù ọ́ lówó nítorí akoto, tó sì fún ọ ní rìsíìtì, ọ̀rẹ́ rẹ ni. Sanwó rẹ, kí o sì dé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjàǹbá. Bí awakọ̀ bá gbá èèyàn, òfin ní kó dúró, kó ran ẹni tó farapa lọ́wọ́, kó sì jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń sá? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: wọ́n ń sá fún wa. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá dúró, àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yóò lù wọ́n, wọ́n á sì dáná sun ọkọ̀. Òfin fún ará ìlú láyè láti di ẹni tó hùwà ọ̀daràn níṣojú rẹ̀ mú, kó sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíákíá. Ibẹ̀ ni àyè náà parí sí. Ẹni tó bá lu awakọ̀ pa ti di apààyàn, kódà bí ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n gbá. Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olórí àdúgbò, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ zẹ́mijàn, mo bẹ̀ yín, ọwọ́ yín ló wà láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ẹni tó dúró lẹ́yìn ìjàǹbá, ààbò la máa fún un. Bí wọ́n bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa dúró, ẹni tó farapa á sì tètè dé ọsibítù.

Bí wọ́n bá wá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ lójú ńkọ́? Bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé kọjá wákàtí méjìdínláàádọ́ta láìrí adájọ́? Bí wọ́n bá lù ọ́ ní kọ̀mísáríà? Ìlà kejìdínlógún kan náà ló kọ ìyà àti ìwọ̀sí fún ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Ìlà kọkàndínlógún sì sọ pé òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá pàṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún kò gbọ́dọ̀ fi «wọ́n rán mi ni» gbèjà ara rẹ̀, nítorí òfin ti tú u sílẹ̀ kúrò lábẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Benin ní ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀. Kútọnu ló wà, láti ọdún 1993 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí o ní agbẹjọ́rò. Kò pọn dandan kí o mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọba. Ọmọ ilẹ̀ èyíkéyìí ló lè kọ lẹ́tà sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti kọ ọ́: awakọ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ilé ẹjọ́ náà ti sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́pàá báyìí, ní kọ̀mísáríà báyìí, ti rú Òfin-Ìpìlẹ̀ nítorí ó ti èèyàn mọ́lé kọjá àkókò. Láti ọdún 2002 ló sì ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní Daagbé, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú yín wọlé sílẹ̀, àti èyí tí wọ́n tú yín sílẹ̀. Ẹ pa gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún yín mọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín tó mọ̀wé bá yín kọ lẹ́tà náà. Orúkọ yín, àdírẹ́sì yín ní kíkún, àti ìfọwọ́sí ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, ìka tó tẹ̀ sí i ti tó.